Ẹ̀mí Mélòó Ni Bàbá Rẹ Ní?

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ní kí bàbá mi lọ kọ́ ní Rọ́síà.
Ó dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti ẹ̀wù òtútù kan,
èyí tí ìyá rẹ̀ gé, tó fi ṣe tìmùtìmù,
torí ọyẹ́ Ìkọ̀lé, bó ti wù kó mú, kò tó ìyẹn.
Ohun tó kù tó gbé bọ̀, kò sọ ọ́ títí orí rẹ̀ fi funfun.

Serafimà ni wọ́n ń pe obìnrin náà,
arúgbó tó ń gbálẹ̀ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Lẹ̀níngírádì,
tó tẹ̀ bí dòjé,
tó ń fi èdè Faransé bá ológbò sọ̀rọ̀
nítorí pé nílé tí wọ́n bí i sí,
ìránṣẹ́ la fi ń sọ èdè ìlú fún.
Bó bá fẹ́ fọlẹ̀, á wọ ìbọ̀wọ́.
Kì í ṣe torí òtútù.
Kò fẹ́ kí ọwọ́ òun mọ ohun tí òun ń ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí yìnyín dí fèrèsé,
ó bi bàbá mi pé ọmọ ta ni í ṣe.
Ọmọ ọ̀dọ́, ìgbéraga ń gùn ún:
ó ní ọmọ olóyè lòun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ló wà nílé àwọn,
bàbá òun kì í bẹ̀rẹ̀ mú ọkọ́.
Arúgbó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.
Ojú rẹ̀ tàn, bí ẹni tó rí ará ilé lájò.
"Ẹ̀mí mélòó ni bàbá rẹ ní?"

Bàbá mi rò pé òun ṣi èdè gbọ́.
Ẹ̀mí kan péré kọ́ lèèyàn ń ní?
"Rárá o," ni arúgbó wí,
"baba bàbá tèmi, irínwó ẹ̀mí ó lé méje."

Bí wọ́n ṣe ń ka ọrọ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn láyé ọba:
orí àwọn tí ilẹ̀ so mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kà,
ọkùnrin nìkan, obìnrin kò sí nínú ìṣirò.
Wọ́n ń fi wọ́n dógò ní báńkì.
Ọ̀tọ̀kùlú kì í san owó orí,
òfin ní pàṣán kò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn rẹ̀,
ọba sì to àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá síwájú rẹ̀
kó máa gùn ún tòun ti bọ́tìnnì wúrà láyà,
títí ikú á fi bá a lórí ìkẹjọ, tó ń wo ìkeje.
Serafimà ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka òdòdó inú ọgbà.
Ìgbà tó débi tí ọgbà ti jóná,
ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Bàbá mi kò sùn.
Ó ń ka ti ilé àwọn:
Ògúndáná lábà, tó yá pọ́n-ùn mẹ́fà sin bàbá rẹ̀,
tó ń fi òwúrọ̀ ayé rẹ̀ san èlé,
tí pọ́n-ùn mẹ́fà sì jókòó síbẹ̀, kò dín kọ́bọ̀.
Òyìnbó ti ní kí ìwọ̀fà tán. Etí ilé wa kò gbọ́.
Àgbàlagbà onírùngbọ̀n yẹn
ń pe bàbá mi, ọmọ ọdún méje, ní olúwa òun.

Ó bi bàbá bàbá mi nígbà tó dé.
Ìyẹn ní, "Ìwọ̀fà kì í ṣẹrú. Ó ní ilé tirẹ̀."
Òótọ́ ni. Ilé náà ń jò.
"Àti pé kòkó tó gbìn la tà
tí o fi rí bàtà wọ lọ ilé ìwé."

Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí.
Láàárọ̀, kí ìkùukùu tó kúrò lórí òkè,
ẹ óò rí i lójúde, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbálẹ̀.
Àwọn ọmọ ọmọ sáré láti gba ìgbálẹ̀:
"Bàbá, ẹ̀yin kọ́!"
Kò fún wọn.
"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yìí mọ̀," ló ń wí.